Ojú Dẹ́rẹ́bà Ni Kí O Kọ́kọ́ Wò

Títí di òní olónìí, n kì í wọ mọ́tò tí n kò bá tíì wo ojú ẹni tí yóò wà á. Àwọn ọmọ mi máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ nítorí rẹ̀. Wọ́n á ti jókòó, wọ́n á ti ṣílẹ̀kùn dè mí, èmi á ṣì máa rọra yí ọkọ̀ náà ká, màá fẹsẹ̀ ti táyà wò, màá kí dẹ́rẹ́bà, màá sì dúró kó dá mi lóhùn kí n lè mọ̀ bóyá ẹnu rẹ̀ wúwo. Bí ohun tí mo rí kò bá tẹ́ mi lọ́rùn, màá gbé báàgì mi, màá padà sórí bẹ́ǹṣì. Àwọn ọmọ á ní ìyá àwọn le jù. Mo gbà, mo le. Ẹni tó kọ́ mi le jù mí lọ, agbo ilé wa ní Òrò-Àgọ́ ló sì ti kọ́ mi, lọ́dún tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbọ́ orúkọ Kwara lẹ́nu rédíò, tí àwọn àgbà ń jiyàn nírọ̀lẹ́ lórí ohun tí ìpínlẹ̀ tuntun máa ṣe fún wa.

Yèyé ni gbogbo wa ń pè é, ìyá tó bí bàbá mi. Nígbà tó wà lọ́dọ̀ọ́, ó bá àwọn oníṣòwò rìn dé Kùmási, ó sì pẹ́ níbẹ̀ kó tó padà wálé, nítorí náà kò sí ẹni tó ń rìnrìn àjò ní agbo ilé wa tí kì í kọ́kọ́ wá jókòó níwájú rẹ̀. Lọ́dún tí mò ń wí yìí, orúnkún rẹ̀ ti kọ̀, kò lè rìn kọjá ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ ṣì mú. Orí àpótí lábẹ́ igi máńgòrò ló ti ń ṣàkóso wa. Bí o bá ń gúnyán, ó máa ń mọ̀ láti ìró ọmọ odó bóyá ọkàn rẹ wà níbẹ̀. Bí a bá ń kọrin àdúrà àárọ̀ tí àgùntàn sì ń bá wa ké e, ó máa ń mọ ẹni tó kàn ń la ẹnu lásán. Kò fẹ́ràn ariwo, kò sì fẹ́ràn kí èèyàn máa kánjú. Mo rò nígbà náà pé ọjọ́ ogbó ló mú un rí bẹ́ẹ̀.

Ìyá mi kò ríran mọ́. Nǹkan funfun kan ló bẹ̀rẹ̀ ní ẹyinjú rẹ̀ ọ̀tún, ó kọjá sí tòsì, nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn fi máa parí, ó ti ń fọwọ́ tọ ògiri lọ sí ilé ìdáná. Síbẹ̀ kò fi ọbẹ̀ sísè sílẹ̀. Ó máa ń fi ìka wọn iyọ̀, ó máa ń fi imú mọ ìgbà tí epo bá ti jinná, bí ẹnikẹ́ni bá sì ní òun fẹ́ ràn án lọ́wọ́, á ní kí onítọ̀hún lọ ran ara rẹ̀ lọ́wọ́. Bàbá mi wà ní oko kòkó lọ́nà Oǹdó pẹ̀lú àwọn ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ìgbà Kérésì la ń retí wọn. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, wọ́n kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé dókítà olójú kan ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn sí ilé ìwòsàn kan ní Ìlọrin ní ọ̀sẹ̀ kẹta sí ìgbà náà. Ó máa ń bá èèyàn yọ nǹkan funfun tó bo ẹyinjú. Ọjọ́ díẹ̀ ni yóò lò, Ọjọ́bọ̀ ni yóò gba aláìsàn kẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó mọ̀ bóyá yóò tún padà wá. Yèyé gbọ́ ọ, ó jẹ́ kí a jẹun tán. Ó wá ní èmi Àjíkẹ́ ni n ó mú ìyá mi lọ.

Ìyá Rónkẹ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin, kò gbà. Ó ní ṣé ọmọdé tí kò rìn kọjá Ọ̀mù-Àrán rí ni yóò mú afọ́jú lọ sí Ìlọrin? Ó ní kí wọ́n ní sùúrù kí òun kó iṣu òun wálé ná, òun á mú un lọ fúnra òun. Yèyé bi í bóyá ó ti bá dókítà sọ ọ́ pé kó dúró de iṣu. Ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Ẹ̀rù bà mí, ṣùgbọ́n nígbà tí mo wo ìyá mi tó ń fọwọ́ wá ife omi tó wà níwájú rẹ̀ gan-an, mo mọ̀ pé n ó lọ. Bí mo bá kọ̀, ife yẹn ni yóò máa wá títí ọjọ́ ayé rẹ̀.

Ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ bẹ̀rẹ̀, àwo ni mò ń fọ̀ lọ́wọ́. Yèyé ní kí n mú gèlè kan wá, ó sì fi di ojú èmi fúnra mi. Ó ní kí Rónkẹ́ mú mi lọ sí ìdí kànga. Rónkẹ́ fà mí bí ẹni ń fa ewúrẹ́ relé. Mo fẹsẹ̀ kọ ààrò, mo ṣubú sínú eérú, mo dìde tẹkúntẹkún. Mo rò pé Yèyé á bá a wí. Ó kàn bi mí pé kí ló ṣe mí. Mo ní ó ń fà mí, n kò sì mọ ohun tó wà níwájú. Yèyé ní, “Ó dáa tó o mọ̀ ọ́n. Ìwọ náà ò gbọdọ̀ fa ìyá rẹ. Kó di èjìká rẹ mú, kí ìwọ wà níwájú, kí ẹnu rẹ dé ilẹ̀ kí ẹsẹ̀ rẹ̀ tó dé e.” Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń sọ ilẹ̀. Òkúta rèé. Kòtò rèé, ẹ gbẹ́sẹ̀ gùn díẹ̀. Ibí ń yọ̀. A fi èjìká rìn lọ sí odò, a fi rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, a fi rìn lọ sọ́jà. Ìyá mi rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ kan, ó ní òun kò mọ̀ pé ilẹ̀ Òrò-Àgọ́ ní wàhálà tó báyìí. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń sín mi jẹ lẹ́yìn, mo ń sọ ilẹ̀ mi lọ.

Bí mo bá ń lọ ata, Yèyé á kàn bi mí láti ìdí máńgòrò pé níbo la máa sọ̀ sí, ta la máa béèrè, bí ilẹ̀ bá ṣú mọ́ wa lọ́hùn-ún ńkọ́. Mo gbọ́dọ̀ dáhùn láìdáwọ́ ata dúró. Ó ní ìlú tí èèyàn kò bá ní ẹnì kan níbẹ̀, kó má sun ibẹ̀, nítorí náà ó ti ránṣẹ́ sí àwọn èèyàn rẹ̀. Ní Ọ̀mù-Àrán, Ìyá Elépo ni, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti Kùmási, ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn gáréèjì. Ní Ìlọrin, ìbátan wa kan ń gbé nítòsí ilé ìwòsàn náà. Ó ní abèèrè kì í ṣìnà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ní ẹni tí à ń bi. Ẹni tó jókòó ti ọjà rẹ̀ ni kí n bi, kì í ṣe ẹni tó ń rìn gbéregbère, torí ọlọ́jà kò ní fi ọjà rẹ̀ sílẹ̀ kó máa tẹ̀ lé mi kiri. Mo ti dàgbà báyìí, mo ti rìn dé ibi tí Yèyé kò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí, n kò tíì rí ìmọ̀ràn tó dára ju èyí lọ.

Ìyá mi di ẹrù wa bí ẹni tó ń kó kúrò nílùú. Yèyé kò bá a jiyàn. Ó ní kí n gbé e rù, kí ìyá mi di èjìká mi mú, kí a yí agbo ilé ká, kí n sì máa kọrin bí a ṣe ń lọ. Ibi tí orin bá já, a óò yọ nǹkan kan. Orin já nídìí kànga, ìkòkò jáde. Orin já lẹ́yìn ilé Ìyá Rónkẹ́, aṣọ ìró mìíràn jáde. A ń yí i ká bẹ́ẹ̀ títí mo fi kọ orin kan láti orí dé ìdí láìmí gúlegúle. Ohun tó kù kò pọ̀: ìpààrọ̀ aṣọ, ọṣẹ, aṣọ mímọ́ kan tí a dì lọ́tọ̀ fún ilé ìwòsàn, àádùn, róbó, ẹ̀pà sísun, gàrí díẹ̀, omi nínú kèrègbè. Wọ́n se ẹ̀wà lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú ìrìn àjò wa, Yèyé gba àwo wa. Ó ní ẹ̀wà dùn, ṣùgbọ́n mọ́tò kì í dúró nítorí inú ẹnì kan.

Ìjà tó le jù ni ti ẹrù àránṣẹ́. Ní ilẹ̀ wa, bí o bá ń lọ sí ìlú ńlá, gbogbo agbo ilé ló ń bá ọ lọ. Ẹni kan á gbé èlùbọ́ wá fún ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, ẹni kan á gbé irú, ẹni kan á so àkùkọ lẹ́sẹ̀ wá. Ẹni tó bá kọ̀, wọ́n á ní ó ti ń gbéra ga kó tó dé Ìlọrin. Ìyá mi kò kọ̀ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí. Yèyé ní kí wọ́n gbé àpótí òun wá sẹ́nu ọ̀nà wa, ó jókòó síbẹ̀, ó sì ń dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ń ṣàdúrà fún wọn, ó ń dá ẹrù wọn padà. Ìyá Rónkẹ́ gbé epo pupa wá fún àna rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ ti òun kò lè rí bíi ti àwọn yòókù. Yèyé ní sójà ń bẹ lójú ọ̀nà nítorí ogun, wọ́n ń tú ẹrù. Ó ní ẹrù tí ọmọ yìí kò bá dì fúnra rẹ̀, kí ni yóò sọ pé ó wà nínú rẹ̀? Ìyá Rónkẹ́ gbé epo rẹ̀, ó bínú lọ, kò kí wa pé ó dàárọ̀.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí a ń ṣa ẹ̀gúsí ni Yèyé sọ èyí tó ṣe pàtàkì jù. Ó ní, “Ojú dẹ́rẹ́bà ni kí o kọ́kọ́ wò. Lẹ́yìn náà, táyà. Lẹ́yìn náà, ẹrù tó wà lórí ọkọ̀. Bí ọ̀kan kò bá dáa, jẹ́ kó lọ. Mọ́tò tó lọ kọ́ ni mọ́tò ìkẹyìn.” Ó wá sọ ti àbúrò rẹ̀ obìnrin fún mi, tí wọ́n jọ ń ṣòwò lọ́nà Kùmási. Ọjọ́ ọjà ni, wọ́n ń kánjú, ojú dẹ́rẹ́bà pọ́n bí ata, àwọn méjèèjì sì rí i. Wọ́n ní ọ̀nà ò jìn. Yèyé nìkan ló padà wálé. Kò sunkún bó ṣe ń sọ ọ́, ó ń ṣa ẹ̀gúsí rẹ̀ lọ. Èmi ni mo sunkún. Ìgbà yẹn ló yé mi pé kì í ṣe ọjọ́ ogbó ló mú un kórìíra ìkánjú. Ó sì fi ọjọ́ kan kún ìrìn wa: Ọjọ́rú ì bá tó fún wa láti dé Ìlọrin, ó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun la máa kúrò nílé. Ọjọ́ kan yẹn, ó ní, ti ọ̀nà ni. Bí ọ̀nà ò bá gbà á, ẹ ó fi sinmi.

Ilẹ̀ kò tíì mọ́ tán nígbà tí a jáde. Agbo ilé gbàdúrà kí ọ̀nà là fún wa, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ pè wá láti ẹ̀yìn, nítorí ní agbo ilé wa, a kì í pe arìnrìn-àjò padà. N kò rí Ìyá Rónkẹ́ láàrin àwọn tó dúró. Ó dùn mí. Nígbà tí a dé ibi tí ọ̀nà ti yà sí gáréèjì, ẹnì kan yọ láti inú oko ẹ̀gẹ́ níwájú wa, ìrì ti rin aṣọ rẹ̀ dé orúnkún. Ìyá Rónkẹ́ ni. Ó pẹ́ dìde ni, kò lè pè wá láti ẹ̀yìn, ó wá gba inú oko sáré yọ sí wa níwájú. Kò dárúkọ epo. Ó fi agbòòrùn rẹ̀ lé mi lọ́wọ́, agbòòrùn tí kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn, ó ní oòrùn Ìlọrin le. Ìyá mi fọwọ́ wá ojú rẹ̀, ó fọwọ́ pa á lẹ́rẹ̀kẹ́.

Ọkọ̀ tó gbé wa dé Ọ̀mù-Àrán kò yọ wá lẹ́nu, bí ọ̀nà ṣe ń gbé wa sókè ni awakọ̀ ń rọra. Gáréèjì Ọ̀mù-Àrán ni wàhálà wà. Bọ̀lẹ́kájà kan wà níbẹ̀ tó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún, ó ń dán. Obìnrin ará Òrò kan wà nínú rẹ̀ tí ojú ń dun òun náà, ọ̀dọ̀ dókítà kan náà ló ń lọ. Ó ti kí ìyá mi, ó ti súnra kí ìyá mi lè jókòó, wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ bí ọ̀rẹ́. Kọ́ndọ́kítọ̀ ní kò sí mọ́tò Ìlọrin mìíràn mọ́ lónìí. Mo ní kí wọ́n jọ̀wọ́ dúró dè mí, mo lọ síwájú. Dẹ́rẹ́bà ń bá ẹnì kan jà lórí àyè ẹrù. Mo kí i, kò dáhùn. Mo kí i lẹ́ẹ̀kejì, ó yíjú sí mi. Ojú rẹ̀ pọ́n, ìpéǹpéjú rẹ̀ ń wó lulẹ̀, òórùn ọtí sì ń ti ẹnu rẹ̀ jáde.

Nígbà tí mo padà dé ẹ̀yìn ọkọ̀, ìyá mi ti gbé ẹsẹ̀ kan lé àtẹ̀gùn. Àwọn èrò ń pariwo pé kí a yára. Mo di aṣọ rẹ̀ mú, mo ní, “Ìyá, ojú rẹ̀ pọ́n.” Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú ọkọ̀, ó ní kí ẹ wo ọmọdé tó ń yan dẹ́rẹ́bà. Obìnrin ará Òrò ní kí ìyá mi má dá mi lóhùn, Ọjọ́bọ̀ ti dé tán. Ìyá mi dúró bẹ́ẹ̀, ẹsẹ̀ kan lókè, ẹsẹ̀ kan nílẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ lórí irin ọkọ̀. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀. Bí ọkọ̀ yìí bá lọ tí òmíràn kò bá dé, òkùnkùn ló kù. Ó bi mí jẹ́jẹ́ bóyá ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Ó sọ ẹsẹ̀ rẹ̀ kalẹ̀. Ọkọ̀ náà lọ, ó da eruku lé wa lórí, a sì dúró níbẹ̀, èmi àti ìyá mi àti ẹrù wa.

Lóòótọ́, mọ́tò mìíràn kò dé lọ́jọ́ náà. Ọ̀dọ̀ Ìyá Elépo la sùn. Ó fún wa ní iyán, ó ní òun kì í rìnrìn àjò Ọjọ́rú ṣùgbọ́n ohun tí ọ̀rẹ́ òun bá kọ́ ọmọ, òun kò ní yí i padà. Láàárọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó iṣu ń lọ. Ìyá mi ní, “Àjíkẹ́, lọ wo ti òní fún mi dáadáa.” Mo lọ wò ó. Àgbàlagbà ni, ó ń jẹ obì, ojú rẹ̀ mọ́, ó sì ti ń fi òòlù lu táyà rẹ̀ kí n tó dé ibẹ̀. Lójú ọ̀nà, sójà dá wa dúró, wọ́n ní kí gbogbo èrò sọ̀ kalẹ̀. Wọ́n bi mí pé kí ló wà nínú ẹrù wa. Mo ka gbogbo rẹ̀ fún wọn, dé orí ọṣẹ. Wọ́n tú u, wọ́n bá a bí mo ṣe wí, wọ́n ní ká máa lọ. Ẹnì kan tó bá ẹlòmíràn gbé ẹrù tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ṣì ń ṣàlàyé nígbà tí a tún gbéra.

Ìrọ̀lẹ́ la dé ilé ìwòsàn. Ẹni àkọ́kọ́ tí mo rí lórí bẹ́ǹṣì ni obìnrin ará Òrò. Wọ́n ti ṣe ojú rẹ̀, aṣọ funfun ti bò ó. Ó gbọ́ ohùn mi, ó ní, “Ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀? Àná la ti dé.” Mọ́tò náà kò já sí kòtò, kò takìtì, ó gúnlẹ̀ ní àlàáfíà. Ojú tì mí, inú sì bí mi. Nọ́ọ̀sì ní wọ́n ti gba àwọn tòní tán, ọ̀la ni ìkẹyìn, kí a tètè wá. Ìyá mi kò bá mi wí. Ó ní ọjọ́ ọ̀nà la ti lò, ọjọ́ tiwa ṣì kù. A ti jókòó sẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn ní Ọjọ́bọ̀, wọ́n sì mú ìyá mi wọlé. Ojú kan ni wọ́n ṣe. Wọ́n ní èyí kejì ti pẹ́ jù.

Nígbà tí a padà délé, mo jẹ́wọ́ fún Yèyé pé mọ́tò tí mo kọ̀ gúnlẹ̀ láyọ̀. Mo rò pé á bínú, tàbí kó tù mí nínú. Ó ní, “Mo bá wọn dúpẹ́. Bó bá di ọ̀la, tún kọ̀ ọ́.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí nípa Ìyá Elépo. Mo ti ro ọ̀rọ̀ yẹn títí. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń wọ mọ́tò burúkú tí wọ́n ń dé ibi tí wọ́n ń lọ, ìyẹn kò sọ mọ́tò náà di rere. Yèyé kò ṣèlérí fún mi pé ẹni tó bá kọ̀ ni yóò kọ́kọ́ dé. Àyè láti lè kọ̀ ló fún mi: ọjọ́ kan tó lé, ilé kan láti sùn, ẹrù tí n lè gbé.

Ṣùgbọ́n ìgbà tí mo bá ń yí ọkọ̀ ká lónìí, tí àwọn ọmọ mi ń rẹ́rìn-ín, gáréèjì Ìlọrin ni mo máa ń rí, lọ́jọ́ tí à ń padà sílé. Oòrùn mú, agbòòrùn Ìyá Rónkẹ́ wà lórí ìyá mi nítorí dókítà ní kí ìmọ́lẹ̀ má bá a lójijì. Ọkọ̀ kan ń pe èrò Ọ̀mù-Àrán. Mo gbé ẹrù kalẹ̀ kí n lè lọ síwájú bí ìṣe mi, mo sì rí i pé ọwọ́ ìyá mi ti kúrò ní èjìká mi. Ó ti ń lọ. Ó rọra yí ọkọ̀ náà ká, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo táyà, ó gbójú sókè wo ẹrù. Ó lọ dúró níwájú dẹ́rẹ́bà, ó kí i, ó sì wò ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọkùnrin náà fi bi í bóyá ó mọ òun níbì kan. Ìyá mi ní rárá, ojú yín ni mò ń wò. Ó yíjú sí mi.

“Ojú rẹ̀ mọ́, Àjíkẹ́. Gbé ẹrù.”

Ó pa agbòòrùn dé, ó gun ọkọ̀ náà ṣáájú mi. N kò sọ ibi tí àtẹ̀gùn wà fún un.